Káàkì Tó Jáde Láìní Àmì

Ọwọ́ agbádá funfun ni mo kọ́kọ́ rí. Mo ti tú okùn ara ẹrù náà, mo ti ṣí ìwé ìròyìn tí mo fi wé e lápá kan, sójà sì dúró níwájú mi, ó fi ìgbọ̀nwọ́ lé tábìlì tí mo ti ń lọ aṣọ. Káàkì ọ̀gá rẹ̀ ló yẹ kó wà nínú ìwé yẹn. Mo yára pa ìwé náà dé kó tó rí i, mo sì gbé ọwọ́ méjèèjì lé e bí ẹni tó ń ṣọ́ oúnjẹ lọ́wọ́ adìẹ.

Ó ní, "Gbé e wá ká máa lọ."

Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́, kò tíì gbẹ tán. Sítáàṣì rẹ̀ pọ̀. Bí mo bá gbé e fún yín báyìí, yóò ti hun jọ kẹ́ ẹ tó délé."

"Ìgbà wo ni yóò gbẹ? Ìgbà tí ọ̀gá bá fẹ̀yìn tì?"

"Ọjọ́ Ajé, láàárọ̀ kùtù."

"Ọjọ́ Ajé yẹn gan-an ni ọ̀gá máa wọ̀ ọ́ lọ síwájú ọ̀gá tirẹ̀. Alágbàfọ̀, gbọ́ mi dáadáa. Bí mo bá dé tí káàkì yẹn ò sí níbí, ìwọ gan-an la máa ká, a ó wé ọ sínú ìwé ìròyìn, a ó gbé ọ fún ọ̀gá."

Ó rẹ́rìn-ín. Èmi náà bá a rẹ́rìn-ín. Mo tó ẹ̀gbọ́n rẹ̀ dáadáa, apá Ògbómọ̀ṣọ́ ni wọ́n sì ti bí i, kò yẹ kó máa bá mi sọ̀rọ̀ báyẹn. Ṣùgbọ́n lákòókò yẹn, ẹni tó wọ bàtà sójà ni ẹ̀gbọ́n gbogbo ènìyàn. Ọjọ́bọ̀ ni ọjọ́ náà. Nígbà tó lọ tán, mo jókòó lórí àpótí.

Àwọn ọ̀dọ́ tó ń bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ọwọ́ máa ń bi mí pé kí ló dé tí mo fi ń ka bọ́tìnì níwájú oníbàárà, kí ló sì dé tí n kì í gba iṣẹ́ mìíràn yàtọ̀ sí aṣọ fífọ̀ àti lílọ̀. N kò sọ ìdí rẹ̀ fún ẹnikẹ́ni rí. Ní báyìí tí àwọn ológun ti gbé ìjọba sílẹ̀, mo rò pé mo lè kọ ọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé mo ṣì ń wo ẹ̀yìn bí mo ṣe ń kọ ọ́ yìí.

Ìwé mẹ́fà ni mo kà. Lẹ́yìn náà, mo kọ́ iṣẹ́ ìfọṣọ ní Òṣogbo fún ọdún mẹ́ta. Ọ̀gá tó kọ́ mi kì í fọwọ́ kan iṣẹ́ mìíràn. Bí ẹnìkan bá gbé bàtà wá pé kí wọ́n bá òun kùn ún, wọ́n á ní, "Ṣé ẹ ti rí aṣọ tó ní ẹsẹ̀ rí ni?" Èmi rò pé agídí àgbà lásán ni.

Mo padà sí Ẹdẹ, mo ṣí ṣọ́ọ̀bù sí ẹ̀gbẹ́ ilé bàbá mi, níbi tí kànga wà. Ó dára díẹ̀ kí nǹkan tó wọ́n. Nígbà tí ìjọba ológun dé, ọṣẹ ìfọṣọ di ohun tí à ń tò fún láti òwúrọ̀, tí àwọn sójà sì ń fi kóbókò to ẹni tí kò bá tò. Àwọn olùkọ́ tí owó oṣù wọn kò wá mọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í fọ aṣọ wọn fúnra wọn. Ẹ̀rù bà mí. Kàkà kí n jókòó ti ohun tí mo mọ̀, mo bẹ̀rẹ̀ sí í fi iṣẹ́ kún iṣẹ́. Mo ní mò ń rẹ ṣòkòtò tó ti ṣá láró. Mo ní mò ń lẹ aṣọ tó ya. Mo ní mò ń kun bàtà. Gbogbo rẹ̀ ni mo kọ sára pátákó iwájú ṣọ́ọ̀bù, àyè kò gbà á tán, mo bá kọ èyí tó kù sí ẹ̀yìn.

Èyí tó burú jù ni èyí tí n kò kọ. Aṣọ oníbàárà tó bá ti mọ́, tí ẹni tó ni ín kò ní wá gbà á títí ọjọ́ mélòó kan, mo máa ń fi yáni. Ẹni tó ní ìkómọ tàbí ìdána, tí kò lè ra aṣọ, á gba ẹ̀yìn ilé wọlé, á fi nǹkan ìdógò sílẹ̀, á gbé aṣọ lọ, á sì dá a padà lọ́jọ́ kejì. Èmi á tún un fọ̀. Mo ń sọ fún ara mi pé n kò jalè, nítorí aṣọ náà ń padà. Ṣùgbọ́n n kò lè sọ ọ́ lójú ẹni tó ni ín. Ohun tí mo rí kọ́ nínú rẹ̀ nìyí: iṣẹ́ yòówù tí o kò bá lè kọ sára pátákó, kì í ṣe ara iṣẹ́ rẹ.

Gbogbo aṣọ tó bá wọlé ni mo ń rán òwú pupa mọ́ lábẹ́ ọrùn, ìlà kan fún ilé kan, ìlà méjì fún òmíràn. Àmì yẹn náà ni mo ń fi tàdáwà kọ sára ìwé tí mo bá fi wé aṣọ. Ẹrù méjì péré ni n kì í fi àmì sí. Àkọ́kọ́ ni èyí tí mo fẹ́ fi yáni: mo máa ń tú òwú rẹ̀ kúrò kí ẹnikẹ́ni má baà rí àmì ẹlòmíràn. Èkejì ni káàkì ọ̀gá sójà kan tó ń gbé lójú ọ̀nà Sẹ́kọ́nà, tí omi kò sí nílé rẹ̀. Sójà tó ń gbé e wá kìlọ̀ fún mi níjọ́ àkọ́kọ́ pé abẹ́rẹ́ kò gbọdọ̀ kan aṣọ ìjọba.

Ní ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́rú, ó ku ọ̀la kí sójà wá, àgbẹ̀ kan láti Alájùé wá gba agbádá funfun tí mo fẹ́ yá a. Ó fẹ́ lọ ṣe ìdána fún ọmọ rẹ̀ ọkùnrin lọ́jọ́ kejì. Nígbà tó wọlé, ọwọ́ mi méjèèjì wà nínú aró dé ìgbọ̀nwọ́, bàtà ẹnìkan tí mo kùn sì wà nílẹ̀ tó ń gbẹ. Ẹrù méjì tí kò ní àmì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn lórí pẹpẹ. N kò lè nawọ́. Àgbọ̀n ni mo fi júwe.

Ohun tó gbé káàkì dé Alájùé nìyẹn.

Ó yẹ kí ẹni tí kò gbé ayé nígbà náà mọ ohun tí ọ̀rọ̀ yìí jẹ́. Àwọn adigunjalè ń wọ káàkì. Bí wọ́n bá ká káàkì mọ́ ẹni tí kì í ṣe sójà lọ́wọ́, ẹjọ́ rẹ̀ kì í gùn, ojú ìbọn ni adigunjalè sì ń lọ. Bí mo bá sọ òtítọ́ fún sójà, èmi ni mo fi aṣọ ìjọba lé ará ìlú lọ́wọ́. Bí n kò bá sọ ọ́, Ọjọ́ Ajé ń bọ̀.

Láàárọ̀ Ọjọ́ Ẹtì, mo gun kẹ̀kẹ́ lọ sí Alájùé. Mo wọ ṣòkòtò mi tó dára jù kí wọ́n lè mọ̀ pé ènìyàn gidi ni mí. Mo bá ìyá àgbẹ̀ náà níta, ó ró ìró funfun, ó ń ṣẹ́ ẹ̀gúsí.

"Ẹ kú ilé o, ìyá."

"Kú àbọ̀. Ta lò ń wá?"

"Ọmọ yín tó lọ ṣe ìdána lánàá."

"Ìdána? Ta ló ṣe ìdána? A ò mọ ìdána kankan níbí."

Àwọn ọmọdé tó jókòó lẹ́yìn rẹ̀ ṣì ń lá oyin ìdána ní ìka.

Mo ní, "Bóyá ó wà lóko?"

"Oko pọ̀. Èwo nínú oko?" Àwọn ọmọ náà rẹ́rìn-ín. "O sì ń bi mí ní ìbéèrè bí ọlọ́pàá. Ta ló rán ọ?"

"Kò sẹ́ni tó rán mi, ìyá. Ẹrù kan ló ṣèèṣì gbé lọ́dọ̀ mi."

"Nínú ilé yìí, aṣọ funfun la mọ̀. Òrìṣà tí à ń bọ kì í gba àwọ̀ mìíràn. Máa lọ, ọmọ."

N kò tíì sọ fún un pé aṣọ ni.

Mo mọ̀ lójú ẹsẹ̀ pé káàkì wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn aládùúgbò ti ń yọjú, mélòó nínú wọn ni mo sì fẹ́ kó gbọ́ pé káàkì ni mò ń wá? Mo kí ìyá náà, mo gun kẹ̀kẹ́ mi padà.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ẹni tó ni agbádá wá gbà á. Díákónì ìjọ Onítẹ̀bọmi tí mò ń lọ ni wọ́n. Mo ti yára rán òwú wọn padà sí abẹ́ ọrùn rẹ̀. Wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n ní, "Kú iṣẹ́. Ìwọ nìkan ni mo lè fọkàn tán lórí aṣọ yìí." Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn.

Ọjọ́ ìmọ́tótó bọ́ sí Àbámẹ́ta yẹn. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ rìn lójú títì títí di aago mẹ́wàá, kí kálukú máa gbá iwájú ilé rẹ̀ ni. Bí mo bá tilẹ̀ fẹ́ sá lọ sí Ìbàdàn, n kò lè kọjá ìta baálẹ̀ wa. Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, mò ń kó ìdọ̀tí inú gọ́tà, nígbà tí ọkọ̀ àwọn sójà kọjá. Sójà wa jókòó lẹ́yìn rẹ̀. Ó kígbe, "Alágbàfọ̀! Ṣé ó ti gbẹ?"

Gbogbo àdúgbò wò mí. Mo ní, "Ó ku díẹ̀, sà."

Ìyàwó mi fi ìgbálẹ̀ rẹ̀ sílẹ̀. Nígbà tí a wọlé, ó bi mí pé kí ni kò tíì gbẹ látọjọ́ yìí nínú oòrùn tó ń mú yìí. Ibẹ̀ ni mo ti jẹ́wọ́. Kò mọ̀ nípa aṣọ yíyá rí. Nígbà tí mo sọ ọ́ tán, ó ní:

"Bàbá àwọn ọmọ, lésì aláwọ̀ ewé tí ẹ ní ọ̀rẹ́ yín yá mi nígbà ìkómọ àbúrò mi ńkọ́? Ta ló ni ín?"

Mo ní, "Ìyàwó ọ̀gá ilé-ìwé."

"Èyí tó jókòó tì mí níbi ìkómọ, tó ń sọ pé òun náà ní irú rẹ̀ nílé alágbàfọ̀?"

Mo ní òun náà ni. Ó pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan, ó yí ojú sí ògiri. Èjìká rẹ̀ ń mì. Mo rò pé ẹkún ló ń sun, àfi ìgbà tí mo rí i pé ẹ̀rín ni. Nígbà tó rẹ́rìn-ín tán, ó wá sunkún.

Ó ní, "Kí ni àgbẹ̀ yẹn fi sílẹ̀ lọ́dọ̀ yín?"

"Pọ́ǹpù kẹ̀kẹ́ rẹ̀."

"Ẹ lọ síbẹ̀ lọ́wọ́ òfo, ẹ wọ ṣòkòtò tí áyọ́ọ̀nù fa ìlà sí bí ti ọlọ́pàá inú, ẹ sì ń wádìí ọ̀rọ̀. Bó bá jẹ́ èmi, mà á sá fún yín. Pọ́ǹpù rẹ̀ ni kẹ́ ẹ mú lọ. Ẹni tó bá wá dá nǹkan padà kì í ṣe ẹni tó wá múni."

Ní ọjọ́ Ìsinmi, díákónì wọ agbádá náà wá sí ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n jókòó síwájú. N kò gbọ́ ohun tí pásítọ̀ wàásù. Bí a ṣe jáde, mo wọ aṣọ iṣẹ́ mi tí aró ti bà jẹ́, mo so pọ́ǹpù mọ́ iwájú kẹ̀kẹ́, mo tún forí lé Alájùé. Bí mo ṣe ń wọ agbo ilé, mo tú u, mo gbé e sókè bí ẹni gbé àsíá.

Ìyá náà wò ó. Ó fi ẹ̀gúsí sílẹ̀, ó kígbe, "Pọ́ǹpù rẹ ló mú wá o! Jáde!"

Àgbẹ̀ náà yọ láti ẹ̀yìn àká. Ó ní, "Ẹ̀yin alágbàfọ̀ yìí, kí ni mo fi ṣẹ̀ yín? Ẹ̀yin fẹ́ pa mí! Gbogbo ẹbí ti múra tán, mo tú ẹrù níwájú wọn, káàkì! Ẹ̀gbọ́n mi gba ojú fèrèsé jáde. A ò rí i títí a fi dé ilé àna."

Mo ní, "Ẹ má bínú. Ọwọ́ mi wà nínú aró."

"Agbádá bàbá mi ni mo wọ̀ lọ, ó ti ya lẹ́yìn. Ògiri ni mo fara tì látìgbà tí a dé títí a fi ṣe tán. Ìyàwó kúnlẹ̀ pé kí n gbàdúrà fún òun, n kò dìde. Wọ́n ti ń sọ ní ilé àna báyìí pé bàbá ọkọ gbéraga."

Ìyá rẹ̀ kò jẹ́ kí káàkì sun inú ilé òrìṣà. Ahéré oko ni wọ́n gbé e lọ, wọ́n dì í sínú agbọ̀n, wọ́n kó èèpo iṣu lé e. Nígbà tí wọ́n fà á jáde, ó ń rùn fún èéfín, ilẹ̀ pupa sì ti mú un lápá kan. Mo tẹ́ ẹ sórí koríko, mo yẹ̀ ẹ́ wò láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí mo máa wò ó bẹ́ẹ̀. Bọ́tìnì àpò àyà òsì kò sí níbẹ̀.

Èmi àti àgbẹ̀ náà fi ọwọ́ wa wá gbogbo ilẹ̀ ahéré yẹn. A da èèpo iṣu nù, a gbọn agbọ̀n. Oòrùn ti yí ká tó jáwọ́. Ó ní, "Bóyá eku." Mo ní, "Eku kì í jẹ idẹ."

Mo fọ káàkì náà kí ilẹ̀ tó ṣú, áyọ́ọ̀nù eléèédú ni mo sì fi mú un gbẹ láàárọ̀ Ọjọ́ Ajé. Mo ní ìgò kan tí mo ń kó bọ́tìnì tó bá já sí. Bọ́tìnì idẹ kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀, ti aṣọ ẹgbẹ́ onífèrè ìjọ wa. Ti ìjọba ní àwòrán ẹyẹ lójú, tèmi kàn ń dán lásán ni. Mo rán an mọ́ ọn. Mo gún ara mi ní ìka lẹ́ẹ̀mejì. Abẹ́rẹ́ ti kan aṣọ ìjọba.

Sójà dé. Ó tú ẹrù náà níwájú mi, èyí tí kò ṣe rí. Ó gbé èwù náà sókè, ojú rẹ̀ lọ tààrà sí àpò òsì, ó sì dúró síbẹ̀. Ó wò mí. Mo wo ilẹ̀.

Ó ní, "Ó ti gbẹ." Ó gbé e lọ.

Mo rò pé ó tán. Kò tán. Ní gbogbo ọ̀sẹ̀ ni káàkì yẹn ń padà wá fún fífọ̀, bọ́tìnì onífèrè sì ń wò mí láti àyà rẹ̀. Sójà kò sọ nǹkan kan, èmi náà kò sọ nǹkan kan. Mo gbà pé ó ń fi ọ̀rọ̀ náà pa mọ́ di ọjọ́ tí yóò rí ohun gbà lọ́wọ́ mi ni. Bí ọkọ̀ bá dúró níwájú ṣọ́ọ̀bù, mo máa ń yọjú wo ẹni tó fẹ́ sọ̀kalẹ̀. Mo kọ́ àwọn ọmọ mi ní ojú ọ̀nà ẹ̀yìn tí wọ́n á gbà dé ilé ìyá wọn àgbà.

Láàárín àkókò yẹn ni mo tún iṣẹ́ mi ṣe, ìbẹ̀rù ló sì jẹ́ kí n ṣe é, kì í ṣe ọgbọ́n. Mo dá gbogbo nǹkan ìdógò tó wà lọ́dọ̀ mi padà. Mo da aró nù. Mo fi ọ̀dà pa gbogbo ohun tó wà lára pátákó rẹ́, iwájú àti ẹ̀yìn, mo kọ "Alágbàfọ̀" síbẹ̀. Àwọn kan bínú. Ẹni tó ń gbé bàtà wá ní mo ti di ọlọ́lá. Ó tó oṣù méjì tí iṣẹ́ fi dín kù, a sì ń jẹ ẹ̀bà láàárọ̀ àti lálẹ́. Lẹ́yìn náà ni mo rí i pé aṣọ tí mò ń fọ̀ ti ń mọ́ sí i, nítorí òun nìkan ni mò ń wò. Àwọn tó ń wọ funfun bẹ̀rẹ̀ sí í wá láti Sẹ́kọ́nà. N kò ṣèlérí ọjọ́ tí ọwọ́ mi kò lè tó mọ́. Bí mo bá ń fi aṣọ lé ènìyàn lọ́wọ́, n kì í ṣe ohun mìíràn títí yóò fi jáde.

Mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í ka bọ́tìnì. Kí oníbàárà tó kúrò, a ó tú aṣọ rẹ̀, a ó jọ wò ó, ibi tó ya, ibi tí epo wà. Olùkọ́ kan bínú sí mi: "Ṣé o rò pé mo fẹ́ jí bọ́tìnì ara mi ni?" Mo ní, "Rárá, sà. Ara mi ni n kò fọkàn tán." Káàkì nìkan ni n kò lè kà níwájú ẹni tó gbé e wá.

Ọ̀sẹ̀ tí ọyẹ́ bẹ̀rẹ̀ ni sójà náà wọlé láìdé fìlà. Ọkọ̀ ńlá wà níta, àga àti bẹ́ẹ̀dì kún ẹ̀yìn rẹ̀. Ó jókòó sórí àpótí mi.

Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, wọ́n ti gbé ọ̀gá lọ sí Òkè Ọya. Òní là ń lọ."

Kò pè mí ní ẹ̀gbọ́n rí. Mo gbé áyọ́ọ̀nù kúrò lórí aṣọ kó má baà jó.

Ó ní, "Bọ́tìnì ìjelòó. Èmi ni mo já a."

"Bọ́tìnì wo?"

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́. Irin kẹ̀kẹ́ ló fà á já nígbà tí mò ń gbé e bọ̀ wá síbí. Mo wá a títí lójú ọ̀nà. Bí ọ̀gá bá mọ̀, wọ́n á tì mí mọ́lé ni. Mo wá pinnu pé ẹ̀yin ni mo máa sọ pé ẹ sọ ọ́ nù. Nígbà tí ẹ ní kò tíì gbẹ, inú mi dùn. Mo ní, wò ó, ẹ̀rù ti ń bà á, wọ́n á gbà mí gbọ́."

Mo gbé áyọ́ọ̀nù náà kalẹ̀.

"Nígbà tí mo wá rí i pé ẹ ti rán òmíràn mọ́ ọn, tí ẹ kò sọ pé mo gbé e wá láìpé, ojú tì mí. Ojoojúmọ́ ni mo ń retí pé ẹ máa fẹjọ́ mi sùn."

Mo ní, "Ọ̀gá kò rí i? Láti ọjọ́ yẹn?"

Ó rẹ́rìn-ín. "Ọ̀gá kì í wo àyà ara wọn. Àyà tiwa ni wọ́n ń wò."

Ó dìde, ó tẹ orí ba díẹ̀ fún mi, ó jáde. N kò sọ ibi tí káàkì ọ̀gá rẹ̀ sùn fún un, kò sì bi mí. Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà títí ọkọ̀ náà fi yí gba ọ̀nà jáde, tí eruku ọyẹ́ sì bò ó mọ́lẹ̀.

Olùkọ́ tó bínú níjọ́sí ti dé, ó dúró lẹ́yìn mi pẹ̀lú èwù rẹ̀ lápá. Ó ní, "Ṣé kò sí wàhálà? Kí ni sójà ń wá?"

Mo ní, "Ó wá dágbére ni, sà. Ẹ gbé e kalẹ̀ ká kà á." Bọ́tìnì méje. Ó pé.